Bí a ṣe lè rin òkè kí a sì fi ọ̀dà olómi kun ohun tí a rí lọ́nà

Òǹkàwé kan tó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Kàbà kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń fi ẹsẹ̀ rìn jáde kúrò ní ìgboro lọ sí ọ̀nà oko, nígbà mìíràn mo sì máa ń wọ mọ́tò dé Ògìdì kí n lè rìn láàárín àwọn àpáta ibẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ra ọ̀dà olómi, èyí tí à ń fi omi pò (watercolour), tí mo ń gbìyànjú láti máa kun ohun tí mo bá rí. Bí mo bá jókòó kùn, oòrùn á ti mú kí n tó dìde, n kò sì ní rìn dé ibì kankan mọ́. Bí mo bá sì rìn dáadáa, á ti rẹ̀ mí ju kí n tún kun nǹkan lọ. Ọ̀dà náà máa ń gbẹ kí n tó tẹ́ ẹ dọ́gba, àwọn òkè mi máa ń dà bíi búrẹ́dì tó jóná, gbogbo ewé mi sì jọ ara wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa fi fóònù ya fọ́tò, kí n lọ kùn ún nílé. Ṣé ọwọ́ mi ni kò gbà á, àbí ohun méjèèjì yìí kò lè jọ rìn ni?”

Okun o, olùkọ́. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bírò, nítorí ẹ pè é ní ìbéèrè kan, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ti àkókò, ti afẹ́fẹ́, ti àwọ̀ àti ti fọ́tò. Ohun tí n kò rí nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí kò gbà á. N kò tíì fojú kan àwòrán yín, nítorí náà n kò lè búra nípa ọwọ́ yín, ṣùgbọ́n gbogbo àléébù tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ni mo mọ ibi tí wọ́n ti ń wá, torí gbogbo wọn ni mo ti ní rí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Bùnú dé Yàgbà, pẹ̀lú ìwé ìyàwòrán lábẹ́ apá, mo sì ba bébà púpọ̀ jẹ́ kí n tó gbà pé ọ̀nà kan náà ló yẹ kí n máa tọ̀ léraléra, dípò kí n máa wá ọ̀nà tuntun ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi ti rí ojútùú sí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àkókò, torí òun ló bí àwọn yòókù. Ẹ fẹ́ kí Sátidé kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjì fún yín: kí ó mú yín dé ibi tí ẹ kò dé rí, kí ó sì tún fún yín ní àwòrán tó parí. Ẹni tó ń rìn ń fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn kọ́nà, ẹni tó ń kùn sì ń fẹ́ kí ohun gbogbo dúró jẹ́ẹ́ níwájú òun, bí àwọn méjèèjì bá sì wà nínú ara kan náà, ìjà ni wọn yóò máa jà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Oòrùn kò sì dá sí ìjà náà. Kàbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó digirí 8 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀gangan orí wa ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní nǹkan bí àárín oṣù kẹrin àti ní ìparí oṣù kẹjọ, kódà nínú oṣù kejìlá tó rẹlẹ̀ jù lọ, ó ṣì ń gùn kọjá ìdajì ojú ọ̀run. Láti bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí dé aago mẹ́ta ọ̀sán, òjìji á ti sá wọ abẹ́ igi, ojú àpáta á sì di pẹrẹsẹ, nítorí kìkì ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ kan bá mọ́lẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì ṣókùnkùn ni ojú wa fi ń mọ̀ pé ohun tí òun ń wò rí roboto. Ìdajì búrẹ́dì yín tó jóná, aago mọ́kànlá ló yan án. Bí ẹ bá kun àpáta Ògìdì kan náà ní aago méje àárọ̀, ẹ ó rí i pé ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní iwájú orí, ó sì ní kòtò tí omi ti gbẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Oòrùn tún ń rin digirí 15 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí ẹ bá jókòó ti àwòrán kan fún wákàtí méjì, òjìji tí ẹ kùn níbẹ̀rẹ̀ kò ní bá èyí tí ẹ kùn nígbẹ̀yìn mu, ẹni tó bá wo àwòrán náà yóò sì mọ̀ pé nǹkan kan kò dọ́gba bí kò tilẹ̀ lè tọ́ka sí i. Ogójì ìṣẹ́jú ni èmi fi ṣe òpin fún ara mi. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ya Sátidé méjì sọ́tọ̀ fún ọ̀nà kan. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ìrìn ni ọ̀gá: pẹ́ńsù àti ìwé kékeré nìkan ló wà nínú àpò mi, mo ń dúró níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìṣẹ́jú márùn-ún ní ibì kọ̀ọ̀kan, mo ń fa ìlà òkè, mo ń ṣe àmì ibi tí òjìji wà, mo sì ń kọ aago tí mo dé ibẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo bá délé, mo ń wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ń mú ẹyọ kan. Ní Sátidé kejì, mo ń gba ọ̀nà yẹn lọ tààrà síbi tí mo mú, n kò dúró lọ́nà, mo ń dé ibẹ̀ ní aago tí mo kọ sílẹ̀, mo sì ń kùn. Mo mọ̀ pé ó lè dà bíi pé mo gba ìdajì ìrìn lọ́wọ́ yín, ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ kò ní rí ibi tuntun púpọ̀ lọ́dún mọ́. Bí èyí bá dùn yín jù, ẹ lè ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, bí àwòrán yín kò bá ti ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ẹ sì kùn ún níbi tí ẹ ti fẹ́ yí padà, kì í ṣe níbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi gbìyànjú èyí fún ọdún mélòó kan. Àwòrán rẹ̀ kò burú, àmọ́ wọ́n máa ń jọ ẹni tó ń kánjú.

Lórí ẹrù, n kò ní pẹ́. Ẹ má gbé ohun tí apá kan kò lè gbé. Àpótí ọ̀dà kékeré tó ní àwọ̀ mẹ́fà ti tó, àti búrọ́ọ̀ṣì roboto ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú ṣónṣó, kékeré kan fún ẹ̀ka igi, pẹ́ńsù 2B, ìdajì lítà omi, àkísà ìró àtijọ́ kan àti àpótí ìjókòó pẹlẹbẹ. Ẹ mú omi láti ilé. Mo ti fi omi odò pò ó rí lójú ọ̀nà Ìsánlú, ẹrọ̀fọ̀ inú rẹ̀ sì jókòó sójú ọ̀run mi títí di òní. Ọ̀dà inú ike tó ti le sàn fún ìrìn ju ti inú páìpù rírọ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páìpù yẹn, tí John Goffe Rand ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1841, ló jẹ́ kí ó rọrùn fún àwọn tó ń fi ọ̀dà olóróró kùn láti máa jáde lọ kùn níta. Bí ẹ bá ti ra ti páìpù, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ike kéékèèké, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó gbẹ. Owó gidi tó yẹ kí ẹ ná, orí bébà ni kí ẹ ná an sí. Bébà tínrín máa ń wú bí omi bá kàn án, ibi tó tutù yóò ga, ibi tó gbẹ yóò rẹlẹ̀, ọ̀dà yóò sì ṣàn lọ jókòó sínú àfonífojì tí ẹ kò kùn. Mo fura pé ìdajì ohun tí ẹ pè ní àìdọ́gba, ibẹ̀ ló ti wá. Èyí tó wúwo tó gíráàmù 300 ní ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó ni kí ẹ béèrè fún. Ó wọ́n, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ abala ńlá kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56 sí 76 ṣeé gé sí mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣeé lò bí iwájú bá bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ni mo fẹ́ kí a jókòó tì dáadáa, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn níhìn-ín ta àpótí ọ̀dà wọn. Ìwé tí a fi ń kọ́ ọ̀dà olómi, àwọn tó kọ ọ́ sábà máa ń gbé ní ilẹ̀ tútù bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń dúró kí bébà gbẹ, tí wọ́n ń mu tíì ní àárín kan. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ wọn kùn ní Kàbà nínú oṣù kìíní yóò rò pé aṣiwèrè ni òun. Láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ti aginjù Sàhárà wá kò ní omi nínú, ó sì ń fa omi jáde nínú ohunkóhun tó bá kàn, ètè yín, aṣọ orí okùn, àti ojú ọ̀run tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ sórí bébà. Bí ẹ bá fa ọ̀dà dé àárín, ti òkè á ti gbẹ, ibi tí tútù bá sì ti pàdé gbígbẹ ni ààlà líle yẹn yóò ti jáde. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń po ọ̀dà ojú ọ̀run sílẹ̀ ní ìlọ́po méjì iye tí mo rò pé mo nílò kí n tó fọwọ́ kan bébà, nítorí ìgbà tí ènìyàn bá dúró tún un pò ni ibi tó kù ń gbẹ. Mo ń fi omi lásán pa ẹ̀yìn bébà, kí n tó pa iwájú rẹ̀. Mo ń lo búrọ́ọ̀ṣì ńlá, mo ń kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, abẹ́ igi ni mo sì ń jókòó sí. Inú oòrùn kò dára fún ìdí mìíràn pẹ̀lú: bébà funfun yóò máa tàn yòò sí yín lójú, ẹ ó rò pé àwọ̀ yín ṣì mọ́lẹ̀ jù, ẹ ó máa fi kún un, bí ẹ bá wá dé inú yàrá, ẹ ó bá òkùnkùn biribiri nínú àpò yín.

Àwọn kan máa ń fi glycerine, èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, kán sínú omi wọn kí ọ̀dà má baà tètè gbẹ. Ó ń ṣiṣẹ́, nítorí ó ń di omi mú. Inú ọ̀dà gan-an ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú oje igi tí à ń pè ní gum arabic, èyí tí wọ́n ń kó ní apá àríwá orílẹ̀-èdè yìí náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta nínú ife kan ni. Mo da á sí i jù nígbà kan, àwòrán náà sì ń lẹ̀ mọ́ ìwé tó kàn án fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ má bá ọyẹ́ jà rárá: àpáta fẹ́ràn búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, èyí tí a fi ọ̀dà díẹ̀ pa lójú bébà tó rí gbágungbàgun, tí funfun bébà á sì máa yọjú láàárín rẹ̀ bí yanrìn. Ní ìgbà òjò, ìyà mìíràn ló wà. Afẹ́fẹ́ kún fún omi, ìpele kejì kò ní lè gùn ún torí àkọ́kọ́ kò gbẹ, ọ̀dà inú ike á rọ̀, nígbà mìíràn á hu ewú. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, pẹ́ńsù nìkan ni mo ń mú jáde. N kò tíì rí ọgbọ́n tó borí àkókò yẹn, mo sì ti jẹ́wọ́ fún un.

Nípa àwọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti funfun. Ilé wa ni ẹ̀kọ́ yìí wà, a kàn ń lọ wá a lókèèrè. Ògìdì tí ẹ ń lọ rìn yẹn ni wọ́n ti bí Nike Davies-Okundaye ní 1951, ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ, ẹni tó bá sì ti wo bí a ti ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ohun tó ṣòro jù nínú ọ̀dà olómi. Aláró kì í kun funfun sórí aṣọ. Ibi tó bá fẹ́ kí ó funfun ló ń fi ẹ̀kọ bò kí aró má baà dé ibẹ̀. Ọ̀dà olómi rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: bébà ni funfun yín, ibi tí ẹ bá sì ti kùn kọjá, ó ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, ẹ fi pẹ́ńsù yí ibi tí oòrùn ti ń tàn lára àpáta ká, kí ẹ sì máa yẹra fún un bí ẹni ń yẹra fún ẹyin. Èyí tó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, kí èyí tó ṣókùnkùn tẹ̀lé e.

Àpáta wa kì í ṣe dúdú, kì í sì í ṣe àwọ̀ búrẹ́dì. Eérú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, omi òjò sì ti fa ìlà dúdú sí i lára láti òkè dé ilẹ̀, ibi tí kò sí ìlà náà a sì máa pọ́n díẹ̀. Ẹ gbé dúdú inú àpótí yẹn sílẹ̀. Ẹ po ultramarine, tó jẹ́ aró tó tàn, mọ́ burnt sienna, tó dà bí ilẹ̀ pupa tí a yan. Bí ti àkọ́kọ́ bá pọ̀, ẹ ó rí eérú tútù fún ẹ̀gbẹ́ tó wà lójìji, bí ti èkejì bá pọ̀, ẹ ó rí eérú tó gbóná fún ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń wò. Àwọ̀ méjì ni kí ẹ máa pò, mẹ́ta ni òpin; bí ó bá di mẹ́rin, ẹrọ̀fọ̀ ni. Àwọn ìwé yóò tún sọ fún yín pé òkè tó jìnnà máa ń ní àwọ̀ sánmà. Òótọ́ ni, ní oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò bá ti fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku ló wà láàárín yín àti òkè, ó sì ń sọ èyí tó jìnnà di funfun ràkọ̀ràkọ̀ tó fẹ́ pọ́n. Ẹni tó bá kun òkè aláwọ̀ sánmà nínú oṣù kìíní, ìwé ló wò, kò wo òkè.

Ti ewé, èdè wa ló ń tàn wá jẹ díẹ̀, nítorí a ń pe gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, a sì ń ra ọ̀dà kan ṣoṣo fún un. Ẹ má lo èyí tó wà nínú àpótí ní gbẹrẹfu. Ẹ fi yellow ochre tàbí yẹ́lò mìíràn po aró, kí ẹ sì fi burnt sienna díẹ̀ pa iná rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ bi ara yín léèrè pé igi wo ni mò ń wò. Oko kajú, tó pọ̀ rẹpẹtẹ ní ilẹ̀ wa, ṣókùnkùn, ewé rẹ̀ sì ń dán. Igi emi, èyí tí a ti ń rí òrí, máa ń gbé ewé rẹ̀ jọ sí ṣónṣó ẹ̀ka bí ìdì ìgbálẹ̀. Ewé igi igbá, èyí tí a ti ń rí irú, tín-ín-rín, ojú ọ̀run máa ń gba àárín rẹ̀ kọjá, nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì máa ń fi òdòdó pupa roboto kọ́ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá mọ orúkọ igi, kíkùn rẹ̀ yóò rọrùn ní ìlàjì. Mo máa ń bi àwọn àgbẹ̀ tí mo bá pàdé, inú wọn sì máa ń dùn láti dáhùn ju kí n ní kí wọ́n dúró kí n ya wọ́n lọ.

Ọ̀rẹ́ yín tó ní kí ẹ ya fọ́tò kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí fóònù ń ṣe. Ojú rẹ̀ fẹ̀, nítorí náà ó máa ń ti ohun tó jìnnà sẹ́yìn, òkè tó dúró gàgàrà níwájú yín á wá di ebè iṣu nínú fọ́tò. Òjìji á di dúdú tí kò ní nǹkan kan nínú, bẹ́ẹ̀ ojú yín rí koríko nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ lè rántí iye fèrèsé ilé tàbí bí ẹ̀ka ṣe yà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí pẹ́ńsù pinnu bí òkè ti ga tó. Bí ó bá di ìgbà òjò, tàbí ìgbà tí ọ̀nà kò dára láti rìn, ẹ fi fọ́tò kùn nílé láìsí ìtìjú.

Mo sì ní láti sọ ti ọ̀nà tí kò dára, torí yóò jẹ́ ìwà àìbìkítà bí mo bá rán yín lọ sórí àpáta láìmẹ́nu kàn án. Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn ajínigbé ti ba ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko jẹ́ fún wa ní ilẹ̀ Okun. N kò dá nìkan jáde mọ́. A máa ń jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, a máa ń sọ fún ará ilé ibi tí a ń lọ àti aago tí a ó padà, bí a bá dé abúlé, ọ̀dọ̀ olórí ibẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń lọ kí, kí a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ bí ọ̀nà ti rí. Bí wọ́n bá ní ká má lọ, a kì í lọ, a ó kun igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wọn. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá òkè tàbí igbó náà jẹ́ ti ìbọ, nítorí àwọn ibì kan wà tí a kì í yà. Ẹni tó bá jókòó sí ẹsẹ̀ àpáta tó ń wo ilẹ̀, tó ń kọ̀wé, kì í ṣe ayàwòrán lójú ará oko. Ẹni tó fẹ́ wọn ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn ni, tàbí ẹni tó ń wá wúrà. Nítòsí Ìsánlú, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní tòótọ́, àwọn ọ̀dọ́ kan yí mi ká lọ́jọ́ kan, mo sì ṣí ìwé mi hàn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn wo igi igbá tí mo yà títí, ó wá ní irọ́ ni, kì í ṣe igi yẹn, nítorí igi yẹn ní ilé oyin. Mo gbójú sókè, ilé oyin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo yà á sí i, wọ́n sì jẹ́ kí n jókòó parí rẹ̀.

Fún Sátidé tó ń bọ̀, ẹ gbé àpótí ọ̀dà sílé. Ẹ mú ọ̀nà kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, kí ó má jìnnà, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù rìn ín. Bí ẹ bá ti kun ojú kan náà tó ìgbà mẹ́fà, ní aago kan náà, ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́ sí mi. Ìgbà yẹn ni mo lè sọ nǹkan kan fún yín nípa ọwọ́ yín.